Oòrùn Inú Ihò

Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni ìyá mi kò ti jáde mọ́. Ọ̀fọ̀ ti parí, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa wá bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ etí ikún sí wọn. Inú yàrá ní Òkè-Àgbò ló ń wà. Tí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á fẹnu kàn án, á ní òun ti yó. Mo máa ń bínú sí i, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ló ń bà mí. Mi ò fẹ́ sin ẹlòmíràn.

Ní Àgọ́-Ìwòyè tí mo ti ń kàwé, mo wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ kàráátè. Olùkọ́ wa ní ká da ìjà náà pọ̀ mọ́ ijó àtijọ́ tí àwọn ará Japan fi ń sọ ìtàn òrìṣà wọn, ká wá ṣe é lórí pèpéle. Aṣọ funfun la máa wọ̀, a ó mú agogo lọ́wọ́, a ò ní wọ bàtà. Mo bá gbalé lọ, mo ní kí ìyá mi yá mi ní sùtánà rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo ti ya wèrè. Ó ní aṣọ àdúrà kì í ṣe aṣọ eré, kí n lọ fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì rán tèmi.

Ṣùgbọ́n ó béèrè ìtàn náà. Mo ní ìtàn oòrùn ni, obìnrin ni oòrùn lọ́dọ̀ wọn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin bà á nínú jẹ́, oòrùn bá wọ ihò àpáta lọ, ó fi òkúta dí ẹnu ihò náà, gbogbo ayé bá ṣókùnkùn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò dá wọn lóhùn. Àfìgbà tí obìnrin kan jó lẹ́nu ihò náà, tí gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, ló tó yọjú wo ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Èmi ni mo máa jó ijó yẹn.

Ìyá mi tún bi mí:

“Yèsí ń gbé oúnjẹ fún un níbẹ̀?”

Mo ní mi ò mọ ẹni tó ń gbé e, ìtàn ò sọ ọ́. Ó ní a jẹ́ pé ìtàn náà ò pé.

Lọ́jọ́ eré, mo jó, mo tàpá, mo mi agogo, àwọn òǹwòran ń tẹ fóònù wọn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Inú bí mi, mo ju ẹsẹ̀ sókè, ni ìgbànú mi bá tú, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì lọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo fìdí sọlẹ̀ gbì. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn pátápátá, ó ń fọwọ́ lu itan. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Mi ò gbọ́ ọ mọ́ láti ìgbà tí a ti sin bàbá mi. Gbogbo èèyàn bá a rín in, oòrùn wa sì jáde. Ibi tí mo jókòó sí náà ni mo ti ń sunkún.

Lẹ́yìn eré, ìyá mi wá bá mi, eruku ọ̀kadà lórí gèlè rẹ̀, kúlà oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ kí mi.

“Ẹni tó wà nínú ihò náà ńkọ́?”

Mo pe ọmọbìnrin tó ṣe oòrùn. Ìkọ́kọrẹ́ ló wà nínú kúlà, ó ṣì ń gbóná. Ọmọ náà, tó ti lóṣòó sẹ́yìn páálí tí a fi ṣe ihò títí ebi fi pa á, kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó bu ṣíbí kìíní, ó ní kí màmá wá bá òun jẹ.

Ìyá mi gba ṣíbí.