Odó Níbi Bàsá

Aládùúgbò mi tó ń gbé nísàlẹ̀ tún ti wá ń kanlẹ̀kùn, nítorí ariwo iyán tí mò ń gún. Lójú kan náà, mo padà di ọmọdé n'Íkẹ̀rẹ́.

Ilé ìwé aládàáni wa ń ṣe bàsá láti fi kọ́ kíláàsì tuntun. Wọ́n ní kí òbí kọ̀ọ̀kan gbé oúnjẹ wá tí wọn yóò tà. Kéèkì àti ṣinṣín ni àwọn yòókù gbé wá. Odó ni ìyá mi gbé wá. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwa ọmọ ti ń jó ló ti ń gúnyán, ooru iṣu bo gbogbo pápá.

Ìyá tó ni ilé ìwé sáré dé. Ó pariwo pé, "Màmá, ẹ gbé odó yìí sẹ́yìn ilé. Àwọn èèyàn pàtàkì ń bọ̀."

Ìyá mi ń gún un lọ.

Mo rò pé ìró odó ni kò jẹ́ kó gbọ́. Mo sún mọ́ ọn, mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Mọ́ọ̀mi, wọ́n ń bá yín sọ̀rọ̀."

"Bomi wá. Uyán ọ̀hún ti ń le."

Mo ti dàgbà kí n tó rò ó pé ẹni tó gbọ́ wúyẹ́wúyẹ́ mi kò lè ṣàìgbọ́ ariwo yẹn.

Aládùúgbò mi ṣì ń kanlẹ̀kùn. Mo bomi sódó, mo gbé ọmọ odó sókè.