Ẹkún Láti Fúláàtì Ẹ̀gbẹ́ Wa

Ní kékeré mi, ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Woolwich, ní London, á rántí bí àwọn ènìyàn ṣe ń kó jáde díẹ̀díẹ̀ nínú àwọn ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Fúláàtì ẹ̀gbẹ́ wa ti ṣófo. Ọdún náà ni àbúrò mi kú lọ́mọ ọjọ́ mẹ́ta. A kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń ṣa ẹ̀wà, Mummy ń kírun Aláásàrí, ni ọmọ tuntun bá ké láti inú ògiri. Mummy wà ní ìforíkanlẹ̀. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbé orí sókè. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ké. Mummy fi etí lé ògiri.

“Ṣé ìwọ náà gbọ́ ọ?”

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Láti ìgbà náà Mummy ò jẹun dáadáa mọ́. Wọ́n kó aṣọ àbúrò mi tó kú jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n jókòó ti ògiri, wọ́n ń ká a, wọ́n ń tú u. Nígbà kan tí mo purọ́ pé èmi kọ́ ni mo lá ṣúgà, wọ́n nà mí fún un. Èyí tó wúwo jù, ẹnì kankan ò mọ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ara mi ò gbà á mọ́. “Mummy, mo gbọ́ ọ. Àtọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbọ́ ọ.”

Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, ó di ọ̀dọ̀ ọ̀gbẹ́ni tó ń mójú tó búlọ́ọ̀kù wa.

Bó ṣe ṣílẹ̀kùn fúláàtì tó ṣófo náà fún wa, òtútù kọlù wá. Ológbò kan jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ búlúù, ara rẹ̀ funfun bí ògì, ṣùgbọ́n imú, etí, ẹsẹ̀ àti ìrù dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó la ẹnu, ẹkún ọmọ tuntun ló jáde. Mummy jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sunkún.

Ọ̀gbẹ́ni náà ní ológbò Siam ni, ilẹ̀ Thailand ni irú rẹ̀ ti ṣẹ̀. Funfun ni wọ́n ń bí i, ibi tí òtútù bá ti ń mú un lára ló ń dúdú. Kò lè dá wà. Bó bá dá wà, igbe ni. Ojú fèrèsé tó fọ́ ló gbà padà sílé tó mọ̀. Àwọn tó ni ín, tí wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀, ní ká máa tọ́jú rẹ̀, pé ibi tí àwọn kó lọ ò gba ẹran ọ̀sìn.

Ológbò náà kò fi ẹ̀yìn Mummy sílẹ̀. Tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, á dáhùn. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, á kọjú sí igun tí bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà wà tẹ́lẹ̀, á máa ké jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Mummy á ní, “Ó tó, jẹ́ kó sùn.” Mi ò béèrè ẹni tí wọ́n ń sọ rí.

Wọ́n ti wó ilé náà. Thamesmead ni mo ń gbé báyìí. Lóde òní, ọmọdé á fi fóònù wá irú ológbò yòówù tó bá rí, á sọ orúkọ rẹ̀ fún yín. Ògiri wa nípọn, fèrèsé wa ò gba atẹ́gùn. Ọdún kẹrin mi níbẹ̀ rèé, mi ò mọ̀ bóyá ọmọ wà nílé ẹ̀gbẹ́ mi.