Ajá Tí Mo Gbà Padà ní Òṣíẹ̀lẹ̀

Ó ti lé lógójì ọdún báyìí, inú ṣì ń bí mi.

Igbein ni mò ń gbé nígbà náà, mo ń ṣe iṣẹ́ tíṣà. Ọkùnrin kan tó yá yàrá nínú ilé wa kó lọ sí Èkó. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì, ó gbé fáànù, ó gbé garawa tó ti jò pàápàá, ṣùgbọ́n ó fi ajá rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìso ní ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ kẹta ni mo tó mọ̀ pé kò ní padà wá mú un. Abo ajá ni, pupa rúsúrúsú. Okùn náà ti gé e lọ́rùn wọ inú ẹran.

Ọ̀bẹ ìdáná ni mo fi gé okùn. Mo fi omi oníyọ̀ wẹ ojú egbò, mo ń fún un ní ẹ̀kọ àti orí ẹja. Àwọn ará ilé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Tíṣà, ẹ kú ọwọ́ lómi o!" Ó tó oṣù méjì kí ó tó lè jẹun láìbojú wẹ̀yìn.

Onílé wa ò fẹ́ ajá, mo ní láti wá ibòmíràn fún un. Alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ń sin adìyẹ ní Òṣíẹ̀lẹ̀, ní òun ń wá ajá tí yóò máa ṣọ́ oko. Mo bi í bóyá yóò máa bọ́ ọ dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé èmi ni n óò febi pa ajá?"

Ẹni tó ń ka Bíbélì sí wa létí ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, kí ló dé tí n kò ní gbà á gbọ́?

Mo fa ajá náà lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo wọkọ̀ lọ wò ó. Orí ìso ni mo tún bá a, nínú oòrùn. Eruku ló wà nínú abọ́ omi rẹ̀. Gbogbo egungun ìhà rẹ̀ ló yọ síta. Ó rí mi, ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e. Alàgbà jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń jẹ ẹyin sísè.

"Ẹ kú ilé, Bàbá. Kí ló ṣe ajá yìí?"

"Ajá tí ebi ń pa ló máa ń gbó dáadáa. Tó bá ti yó, oorun ni yóò máa sùn."

Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi kí n má ṣe gbó àgbà lẹ́nu. Mo gbó o lẹ́nu lọ́jọ́ náà.

"Ẹ wò mí lójú, ẹ parọ́ fún mi! Ẹ̀ ń jẹun níwájú rẹ̀, ojú ò tì yín!"

"Nítorí ajá? Ajá lásán-làsàn? N óò sọ fún àlùfáà."

"Ẹ lọ sọ."

Mo tú u, mo gbé e. Awakọ̀ méjì kọ̀ láti gbé wa. Ẹ̀kẹta ní kí n jókòó sẹ́yìn, láàárín igi ìdáná.

Ìyá aláró kan ní Aké, Mùsùlùmí, ló gbà á. Kò búra fún mi, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò gbọdọ̀ fẹnu kan bùtà àlùwàlá mi o. Ṣùgbọ́n kò ní febi sùn." Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ajá náà dàgbà sí, ó sanra, ó sì bímọ lẹ́ẹ̀mejì.

Àlùfáà ránṣẹ́ pè mí, ó ní kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ alàgbà. N kò lọ. Mo gbọ́ pé alàgbà tún ti rí ajá mìíràn gbà lọ́wọ́ ẹnì kan, ó sì so ó síbi kan náà. N kò mọ ilé ẹni tó fún un ni, ǹ bá ti lọ sọ ohun tí mo rí fún ẹni náà.