Bàálù Tí Mo Kọ̀ Láti Buwọ́ Lù

Iṣẹ́ mi nínú ológun kò ju èyí lọ: bí wọ́n bá tún bàálù ṣe tán, èmi ni mo máa kọ́kọ́ gbé e fò. Tó bá dára, mo buwọ́ lùwé. Tí kò bá dára, mo ní kò dára. Èmi ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ní ibùdó wa, àwọn kan sì ń retí ọjọ́ tí ẹsẹ̀ mi máa yọ̀.

Wọ́n rò pé ọjọ́ náà ti dé nígbà tí mo kọ̀wé pé bàálù kan ń gbọ̀n lódìlódì lókè. Ẹnjiníà àgbà tó tún un ṣe ní bàálù kò gbọ̀n, pé èmi obìnrin ni mò ń gbọ̀n. Ọ̀gá wa fún mi di ọjọ́ Ajé: kí n buwọ́ lù ú, tàbí kí n lọ máa jókòó ti fáìlì.

Mo gba ilé lọ, Ìkirè. Inú ń bí mi débi pé n kò fẹnu kan dòdò tí màámi gbé kalẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bẹ̀ mí pé kí n fi òfurufú sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ fáìlì, díẹ̀ ló kù kí wọ́n jó. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń wà wọ́n lọ kí àbúrò wọn ní Àpòmù, ẹnu wọn kò sinmi: àga tìmùtìmù, ẹ̀rọ amúlétutù, ọkùnrin gidi tó máa rí mi nílẹ̀ fẹ́. Mo ní tí mo bá yẹra, ẹlòmíì ló máa gbé bàálù yẹn fò. Bí a ṣe wọ Àpòmù, wọ́n kọjú sí mi.

"Ṣé ó dá ẹ lójú pé kò dáa?"

"Ó dá mi lójú, mà."

"Padà lọ sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ wá fún ìyá ẹ̀ nínú pósí."

Omi ti lé sí wọn lójú. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún wọn láti sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, mo wọ aṣọ ìfò mi. Mo sọ fún ọ̀gá pé ẹnu dùn-ún ròfọ́: n óò tún gbé bàálù náà fò, tí ẹnjiníà bá lè jókòó sí àga ẹ̀yìn. Ọ̀gá ní kò burú. Wọ́n gbé àṣíborí kejì wá fún ẹnjiníà, mo sì yíjú sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wọlé ká lọ."

Ẹnjiníà gba àṣíborí náà, ó ń yí i lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó gbé e sílẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ òun wọ́ bàálù náà padà, kí wọ́n tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tú wò.