Ẹ̀gbọ́n Mi Kì í Ṣe Àbùùbùtán

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú sínú òkun níbi tó ti ń wá ibùgbé fún àbùùbùtán, ẹja tó ju bọ́ọ̀sì lọ. Ká ní ó wà láyé ni, ì bá ti pè mí lórí fóònù báyìí: "Àbúrò, ẹja wo lo rí tó ń fọ́mọ lọ́mú?"

Ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ iléeṣẹ́ wọn, àwọn tó ń ṣàkóso òkun, ló kú, tómi wọlé. Awakọ̀ rí kẹ́ẹ̀gì dì mú, ẹ̀gbọ́n mi ò rí nǹkan kan. Níbi ìsìnkú, ọ̀gá àgbà nu ojú gbígbẹ, ó ní àwọn máa fi orúkọ rẹ̀ sọ yàrá ìpàdé. Ẹni tó ń tọrọ ẹ̀ńjìnnì tuntun, ẹ wá fún un ní yàrá.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló máa ń jù sínú omi, kó lè gbọ́ ibi táwọn ìyá àbùùbùtán ń bímọ sí. Tó bá délé, á dúró sí kíṣìnì, á máa sín wọn jẹ.

"Ṣé inú ló ń run ẹ́ ni?" ni ìyá wa á wí.

"Màámi, abiyamọ ló ń pe ọmọ ẹ̀."

"Kó rọra pè é. Orí ń fọ́ mi."

Ó ríbẹ̀ nígbẹ̀yìn: apá òkun kan tó ya wọlẹ̀, tómi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ibẹ̀ làwọn ìyá ti ń tọ́mọ, tí wọ́n ń sinmi lójú omi, ibẹ̀ náà lọkọ̀ ẹrù ń gbà, tó ń kọlù wọ́n. Ó ní kí iléeṣẹ́ wọn ya ibẹ̀ sọ́tọ̀, kọ́kọ̀ ẹrù gba ibòmíì. Wọ́n ní òkun gbòòrò, kó tún lọ wò ó. Òkun gbòòrò lóòótọ́. Títì náà gùn, ṣé ẹ lè tọ́mọ sáàárín rẹ̀? Ó tún lọ, nínú ọkọ̀ tó ti ráhùn lé lórí títí ẹnu fi bó.

Àwọn tó sọ ẹran omi yìí lórúkọ rí òkú rẹ̀ létí òkun, wọ́n bù ú, bù ú, kò tán. Bẹ́ẹ̀ niléeṣẹ́ yìí ṣe bu ẹ̀gbọ́n mi: wọ́n bu oorun rẹ̀, wọ́n bu ìsinmi rẹ̀, wọ́n bu ẹ̀mí rẹ̀. Wọ́n rò pé kò lè tán. Ó tán, inú sì ń bí mi.

Ọ̀gá àgbà, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn yín. Ẹ sọ ẹni tó ní kí ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ yẹn máa jáde, kẹ́ ẹ sì ya apá òkun yẹn sọ́tọ̀ káwọn ìyá àbùùbùtán tó tún dé wá bímọ. Lọ́jọ́ tọ́kọ̀ ẹrù bá kọ́kọ́ yà fún wọn, ẹ wá sọ fún ìyá mi. Kíṣìnì lẹ máa bá a. Ibẹ̀ ti dákẹ́, orí ò fọ́ ọ mọ́, ó sì wù ú kó máa fọ́ ọ.