Láti Ẹ̀yìn Ni Mo Ti Ń Ka Màgasíìnì

Láti ẹ̀yìn ni mo ti máa ń ka màgasíìnì sáyẹ́ǹsì. Àwọn kan ní ọjà Kara ní Sokoto rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé kéwú ni mo ṣe ń ṣí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iwájú ìwé ni wọ́n ti máa ń pariwo: ọkọ̀ tó ń fò, ẹ̀rọ tó ń dáná fún ìyàwó ilé, ìlú tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ dó sínú òṣùpá. Ẹ̀yìn ni ìpolówó kéékèèké wà, àti lẹ́tà àwọn tó ti ra nǹkan tí wọ́n ń ráhùn. Ohun tí ènìyàn bá ti ń ráhùn lé lórí ti dé ọwọ́ ènìyàn nìyẹn. Irú rẹ̀ nìkan ni mo lè fi owó mi lé.

Nítòsí Kofar Rini ni mo ti ń rà wọ́n, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta gwanjo, ẹrù àlòkù tó ń ti òkèèrè wá. Àárín bàtà àti aṣọ ni wọ́n máa ń bá wọlé. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo kà dé, n kò lọ síwájú. Bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, mo máa ń wá a nínú díkíṣọ́nárì ọmọ mi. Bí kò bá sí níbẹ̀, mo máa ń fò ó kọjá, torí mo mọ̀ pé a ó tún pàdé.

Ìbẹ̀rù ló sọ mí di ẹni tó ń kàwé. Tẹ́lẹ̀, pọ́ǹpù kékeré tó ń lo epo bẹntiróòlù ni mo ń tà, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ alálùbọ́sà fi ń fa omi ní fadama, ilẹ̀ àbàtà etí odò. Ìsọ̀ tí ọkọ mi fi sílẹ̀ kó tó kú ni. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan ní ká dán pọ́ǹpù wò fún òun nínú ìsọ̀. Epo dà, iná sì ràn. Ẹ̀yìn ìsọ̀ ni mo wà, ẹnu ọ̀nà sì ni iná wà. Páànù òrùlé ni wọ́n ṣí kí wọ́n tó fà mí jáde. Apá mi òsì kò nà tán mọ́, ó sì máa ń ro mí bí ọyẹ́ bá dé. Títí di òní, n kì í jókòó síbi tí n kò ti rí ẹnu ọ̀nà, n kì í sì í wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni bá gbé kẹ́ẹ̀gì epo sí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́.

“Máa bọ̀ nílé. Yàrá wà. Wàá máa bá ìyàwó mi jókòó ní ìsọ̀ rẹ̀.”

Inú rere ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí mi ti kọjá ti ẹni tó ń jókòó ti ọjà ẹlòmíràn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi láyè. Ìwọ̀nba owó tó ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́, n óò fi gbìyànjú ohun kan ṣoṣo. Bí ohun náà kò bá tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí wọ́n tó wa àlùbọ́sà, n óò kó ẹrù mi wálé.

“Kí lo fẹ́ fi owó náà ṣe?”

“Mo ṣì ń kàwé lórí ẹ̀ lọ́wọ́.”

“Ìwé tí wọ́n fi ń di àkàrà yẹn?”

“Èyí tí wọn kò tíì fi di àkàrà ni mò ń rà, ẹ̀gbọ́n mi.”

Pọ́ǹpù tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́ ni ojú mi wà lára rẹ̀. Mo ti rí i nínú màgasíìnì tó ti gbó, níwájú, pẹ̀lú àwòrán ńlá. Nínú àwọn tó dé lẹ́yìn náà, ó ti sún sí ẹ̀yìn, àárín ìpolówó. Ìyẹn wú mi lórí. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń sọ pé ó gbọ́dọ̀ ní bátìrì, ẹnì kan sì kọ lẹ́tà pé bátìrì òun gbiná nínú ilé. Mo pa ìwé náà dé. Ó pẹ́ kí n tó tún fọwọ́ kàn án.

Lẹ́tà mìíràn ló tú mi sílẹ̀. Àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ gbígbẹ kan lókèèrè ló kọ ọ́. Ó ní kí ló dé tí ènìyàn fi ń tọ́jú iná pamọ́ nígbà tó jẹ́ pé omi ló nílò? Ẹ fa omi sínú táǹkì gíga nígbà tí oòrùn bá mú, kí ẹ ṣí i nígbà tó bá wù yín. Mo kà á, mo tún un kà. Kò sí epo tí yóò dà, kò sí bátìrì. Ẹni tí iná kò jó rí lè fi ojú fo lẹ́tà yẹn. Èmi kò fò ó. Mo ra ìwọ̀nba pọ́ǹpù tí agbára mi ká, pẹ̀lú páńẹ́ẹ̀lì wọn, mo sì tò wọ́n síwájú ìsọ̀.

Ẹnikẹ́ni kò rà.

Bí àgbẹ̀ bá dúró, n óò sọ fún un lédè Hausa pé, “Yana aiki da rana.” Lójú tèmi, mo ń sọ pé oòrùn ló fi ń ṣiṣẹ́. Àgbẹ̀ kan wò mí.

“Hajiya, tèmi náà ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Ìdájí ni mo máa ń bomi rin oko. Ṣé tiyín ṣì ń sùn nígbà yẹn ni?”

Àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ pọ́ǹpù mi ní òṣìṣẹ́ ìjọba: ìdájí kì í bá a níbi iṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ kì í bá a níbẹ̀. Orúkọ yẹn ká ọjà. Ọyẹ́ dé, àlùbọ́sà ti ń ta ewé ní fadama, ẹ̀gbọ́n mi sì ń béèrè bóyá kí òun bá mi wá ọkọ̀ ẹrù.

Àsìkò yẹn ni ọkùnrin kan tó ń ta okùn àti àpò gba ìsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ Ìlọrin ni, ṣùgbọ́n Sokoto ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ bí mo ṣe ń polówó, ó sì wá bá mi.

“Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń sọ fún wọn?”

“Pé oòrùn ló ń lò.”

“Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀sán lẹ ní ó ń ṣiṣẹ́. Rana ni oòrùn, òun náà ni ọ̀sán. Bíríkìlà náà ń ṣe aiki da rana, iṣẹ́ ọ̀sán. Hasken rana ni kí ẹ wí, ìmọ́lẹ̀ oòrùn.”

“Láti ìgbà tí mo ti wà ní Sokoto?”

“Ọjà lẹ̀ ń ná láti ìgbà yẹn. Ẹ ò ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì fún ẹnikẹ́ni rí.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ òyìnbó ni mo ti wá ìtumọ̀ rẹ̀. Hausa tí mo fi ń jẹun ni n kò bi ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé pọ́ǹpù sínú dúróòmù omi, mo so ó mọ́ páńẹ́ẹ̀lì, mo gbé garawa ńlá sórí àga gíga. Omi ń gòkè láìsí ariwo. Àgbẹ̀ tó fún un ní orúkọ yẹn ló kọ́kọ́ dúró. Ó yí i po, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Ibo lẹ̀ ń rọ epo sí?”

“Kò sí. Hasken rana.”

“Ìdájí mi ńkọ́?”

Mo na ọwọ́ sí garawa. “Kí ìdájí tó dé, yóò ti fà á sílẹ̀ dè yín láti ọ̀sán. Ẹ kàn máa ṣí i ni.”

Ó ki ọwọ́ bọ omi garawa náà. “Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe iṣẹ́ sílẹ̀ de ọ̀gá,” ló wí. “Mi ò rí irú ẹ̀ rí.” Ó rà á.

Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n jókòó. Mo bá a dé oko, mo fi bí wọ́n ṣe ń nu eruku ọyẹ́ kúrò lára páńẹ́ẹ̀lì hàn án, mo fọwọ́ kan gbogbo ìso wáyà bóyá ó gbóná. Kò gbóná. Ẹni tí oko rẹ̀ tẹ̀lé tirẹ̀ wá, lẹ́yìn náà àwọn ará òdìkejì odò. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wa àlùbọ́sà, iwájú ìsọ̀ mi ti ṣófo, mo sì ti ránṣẹ́ lọ ra òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà á gbọ́ lórí fóònù. Ó wá fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ń wa àlùbọ́sà, pẹ̀lú àpò ńlá tó fẹ́ fi bá mi kó ẹrù. Mo mú un lọ sí oko àgbẹ̀ tó kọ́kọ́ rà á, àpò náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró, ó ń tẹ́tí.

“Kí ló ń fa omi?”

Mo nawọ́ sókè. Ó gbójú sókè, oòrùn ta á lójú, ó rọra wò mí. Ó bọ́ bàtà, ó wọnú ipa omi, ó sì bu omi sójú.

“Ìyàwó mi ti kun yàrá yẹn dè ọ́,” ló wí.

“Ẹ ní kó máa kó àlùbọ́sà síbẹ̀.”

Àgbẹ̀ náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ àlùbọ́sà, torí albasa ni àwọn náà ń pè é. Ó mú àpò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di àlùbọ́sà kún inú rẹ̀ fún un.