Àmín Tí Ẹgbẹ́ Òǹkàwé Wa Ṣe

Ìgbògbò ni mò ń gbé, ọ̀gá mi sì wà ní Ẹ̀pẹ́. Òun ni ọ̀gá ilé-ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́ pẹ́ jù lọ kí n tó fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo mú un wọ ẹgbẹ́ òǹkàwé wa lórí Wásáàpù. A máa ń yan ìwé ìtàn kan. Tó bá di ọjọ́ Sátidé, olúkúlùkù yóò sọ ohun tó rí nínú rẹ̀.

Nígbà tí ojú ọ̀gá mi kò ríran mọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ka ìwé sí i létí. Kò lè tẹ fóònù, nítorí náà ó ń fi ohùn ránṣẹ́. Ohùn náà máa ń gùn díẹ̀, n kò jiyàn, olùkọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé ó ti ro ìtàn náà dé gbòǹgbò. Kò sẹ́ni tó ń fèsì. Ẹnìkan tilẹ̀ kọ ọ́ pé, "Bàbá, ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́. Dátà wọ́n."

Mo jókòó, mo tẹ àlàyé tó kún sínú ẹgbẹ́ náà. Mo ní ojú bàbá ti lọ, ohùn nìkan ló kù tó fi lè bá wa dá sí ìwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa gbọ́ ọ. Mo fi "Ọlọ́run yóò bùkún wa" parí rẹ̀.

"Àmín."

"Àmín ní orúkọ Jésù."

"Àmín, yà Rọ́bì. Ẹ ṣé, sà."

Wọ́n rí i pé ó gùn, wọ́n rí Ọlọ́run nísàlẹ̀, wọ́n ṣe bí àdúrà òwúrọ̀ ni. Àwọn òǹkàwé wa nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́.

"Tíṣà, ṣé o bá wọn sọ̀rọ̀? Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àmín, sà."

"Àmín sí kí ni?"

"Sí ojú yín tó lọ."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àdúrà wọn ti gbà ná." Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. "Bá mi yọ ara mi kúrò níbẹ̀."

"Ẹ máa fi ránṣẹ́ sí èmi, sà. Màá gbọ́ ọ."

"Ìwọ? Mo ti mọ ohun tí o máa sọ. Àwọn tí n kò mọ̀ ni mo fẹ́ gbọ́ tẹnu wọn."

Mo yọ ọ́. Gbogbo wọn ló rí i pé ó ti jáde, kò sẹ́ni tó béèrè ìdí. Èmi ṣì wà níbẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá, mo tẹ èrò mi lórí ìwé tuntun náà ní kúkúrú, mo sì yọ orúkọ Ọlọ́run kúrò nínú rẹ̀.